Òkúta tí Iná Kò Gbọdọ̀ Kàn

Nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní ẹ̀yìn ìlú Padova, níbi tí wọ́n ń kó ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí, iṣẹ́ tí Gbénró Adésànmí ń ṣe ni kí ó máa yẹ àwọn ọjà tí oníbàárà dá padà wò. Bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu, ìkòkò tí ó ti sán, fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, gbogbo wọn ni ó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Yóò gbé e sí abẹ́ iná, yóò yí i síwájú, yóò yí i sẹ́yìn, yóò sì kọ àbùkù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2016 fi wọlé, ó ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn ará Ítálì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a sì máa sọ pé ìlà irun kan lára àwo kò lè sá pamọ́ fún ojú Gbénró.

Ọmọ Ìkirè ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìbíwùmí, ni ó mú un wá sí Ítálì nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìbíwùmí ni ó ni ṣọ́ọ̀bù irun dídì tí ó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Padova. Òun ni ó bá a tò lórí ìlà ọ́fíìsì ìjọba títí ó fi rí permesso, ìwé ìgbélùú rẹ̀, gbà, òun ni ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà láti máa sùn, òun náà ni ó sì ń bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò mú ìyàwó wá.

Ọláfúnkẹ́ ni ìyàwó tí ó fẹ́ mú wá. Torino ni Ọláfúnkẹ́ ń gbé. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan tí ń bá àwọn àlejò ṣètò ìwé ìgbélùú. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ dẹnu ìgbéyàwó kọ ọ́ rí, kò sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ méjì nílé títí ó fi ku oṣù kan kí wọ́n ṣe ìdána. Ọjọ́ kejì tí òun àti Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún un.

"Mo lè bá òtòṣì gbé," ni ó wí. "Mo lè bá ẹni tó ń hanrun gbé. Irọ́ ni mi ò lè bá sun yàrá kan náà."

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ tú àbùkù ọjà síta, irọ́ wo ni mo fẹ́ pa?"

Ó fi oṣù márùn-ún yan òkúta tí yóò wà lórí òrùka àdéhùn náà. Nínú ọkọ̀ tram, ní àkókò oúnjẹ níbi iṣẹ́, orí fóònù ni ojú rẹ̀ wà. Ó kọ́ ọ bí ẹni tí ń kọ́ ìwé ìdánwò. Ó mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n dáyámọ́ńdì: bí wọ́n ṣe gé e, àwọ̀ rẹ̀, mímọ́ inú rẹ̀, àti ìwúwo rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní káràtì. Ó mọ̀ pé gígé ni ọ̀gá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé òkúta tí wọ́n gé dáadáa yóò kó ìmọ́lẹ̀ jọ yóò sì tú u jáde, bó ti wù kí ó kéré tó, ṣùgbọ́n òkúta ńlá tí wọn kò gé dáadáa yóò wò dùù bí omi inú ìkòkò. Ó mọ̀ pé kí ènìyàn má ra èyí tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Níkẹyìn, ó yan ọ̀kan tí kò tó ìdajì káràtì, tí gígé rẹ̀ pé, tí inú rẹ̀ mọ́. Ó gbé fóònù náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó wò ó.

Ìbíwùmí yọ ìyarun kúrò lẹ́nu. Ó wo fóònù náà, ó tún fà á súnmọ́ ojú.

"Òkúta dà níbẹ̀?"

"Òun nìyẹn, Àǹtí mi."

"Èyí? Gbénró, ṣé ojú eṣinṣin lo fẹ́ fi fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ á máa fi awò ojú wá a kiri lórí ìka rẹ̀."

"Kì í ṣe títóbi ni wọ́n ń wò, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe gé e ni."

"Wọ́n gé e lóòótọ́. Wọ́n gé e tán!"

Àwọn obìnrin tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí. Bùkọ́, oníbàárà kan tí wọ́n ti di ìdajì orí rẹ̀, ní kí Gbénró kúkú fi hóró iyọ̀ kan sí orí òrùka. Gbénró bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kúrò lọ́dọ̀ òkúta tí ó ti fi oṣù márùn-ún yàn, ó lọ sí ọ̀dọ̀ òǹtajà mìíràn, ó sì rí ọ̀kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé káràtì kan ní iye owó kan náà. Ìlà kan wà lábẹ́ àwòrán náà tí ó sọ pé wọ́n ti tún inú òkúta náà ṣe, pé kí oníbàárà ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa kí ó tó rà á. Gbénró rí ìlà náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà ṣì wà létí rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì ìrajà.

Òrùka náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, nígbà tí ó wà níbi iṣẹ́. Ìbíwùmí ni ó bá a fọwọ́ sí i. Nínú ìdílé Adésànmí, ohun tí ọkọ bá rà fún ìyàwó kì í kúrò nílé láìjẹ́ pé ìyá ọkọ ti wúre sí i, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀. Kàkà kí Ìbíwùmí dúró de àbúrò rẹ̀, ó pe ìyá wọn ní Ìkirè lórí fóònù tí ń fi ojú hàn. Orí ibùsùn ni ìyá náà wà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

"Màmá, ẹ wò ó! Ti Gbénró nìyí!"

"Ó ń tàn," ni ìyá náà wí. "Sún un mọ́ mi. Fi oyin kàn án. Fi iyọ̀ kàn án. Bí oyin ṣe ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn yóò máa dùn. Ẹnì kan kì í fi iyọ̀ ṣòfò. Wọn kò ní fi ara wọn ṣòfò."

"Àmín!" ni àwọn oníbàárà wí láti orí àga wọn.

Nígbà tí Gbénró dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi ayọ̀ pàdé rẹ̀. Ó gba àpótí kékeré náà wọ yàrá. Lábẹ́ aṣọ àrán tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ti rí ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò tú. Ìwé náà kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ pé òkúta náà ti sán nínú ní ibi mẹ́ta, pé wọ́n ti fi gíláàsì yíyọ́ dí àwọn ojú ibi tí ó sán, kí ó lè dà bí èyí tí ó mọ́. Ó sọ pé iná kò gbọdọ̀ kàn án láéláé, nítorí gíláàsì náà yóò yọ́ jáde. Gbénró gbé òrùka náà sí abẹ́ iná gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó yí i díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò kan ré kọjá nínú òkúta náà, ó sì pòórá.

Kò sí ẹni tí ó mọ ètò ìdápadà ju Gbénró lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún un láti dá a padà. Òǹtẹ̀ oníke funfun tí òǹtajà so mọ́ òrùka náà, tí kò gbọdọ̀ já kí wọ́n tó gbà á padà, ṣì wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò.

"Àǹtí mi, tí mo bá ní kí n pààrọ̀ òrùka yẹn ńkọ́?"

Ìbíwùmí gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Pààrọ̀ kí ni? Ohun tí Màmá ti fi oyin kàn? Ṣé kí o dá àdúrà wọn padà fún òyìnbó pẹ̀lú rísíìtì ni? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Mo kàn béèrè ni."

"Má tún béèrè mọ́."

Ó fẹ́ sọ ohun tí ó rí fún un, ṣùgbọ́n ó rò pé òun yóò wá àyè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá wọn kú. Permesso Gbénró wà lọ́wọ́ ìjọba fún àtúnṣe, kò sì lè rìnrìn àjò. Orí fóònù Ìbíwùmí ni ó ti wo bí wọ́n ṣe sọ pósí náà kalẹ̀, tí àwòrán náà ń dúró tí ó tún ń lọ. Àwọn Yorùbá ìlú Asti àti Treviso wá bá wọn kẹ́dùn. Láàárín ìyẹn, ọjọ́ kẹrìnlá kọjá. Nínú gbogbo àwọn tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ka ọjọ́.

Ní oṣù karùn-ún, ó lọ sí Torino, ó sì bẹ Ọláfúnkẹ́ létí odò Po pé kí ó fẹ́ òun. Ọláfúnkẹ́ gbà. Nígbà tí ó gbọ́ pé òrùka náà ni ohun ìkẹyìn tí ìyá Gbénró wúre sí, ó bú sẹ́kún.

"N kò ní bọ́ ọ títí n óò fi kú," ni ó wí.

Ká ní Gbénró sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ yàtọ̀. Òrùka náà fẹ̀ jù fún ìka Ọláfúnkẹ́. Ohun tí Gbénró sọ kò ju èyí lọ: "Má gbé e fún ẹnikẹ́ni láti tún ṣe. Èmi fúnra mi ni n óò mú un lọ."

Oṣù kan kọjá, kò mú un lọ. Ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láàárín ìdílé méjèèjì ń súnmọ́. Ní òwúrọ̀ kan, òrùka náà bọ́ sínú àwo ìfọwọ́, díẹ̀ ni ó kù kí ó bá omi lọ. Ẹ̀rù ba Ọláfúnkẹ́. Kò fẹ́ yọ Gbénró lẹ́nu nínú ọ̀fọ̀, ó sì gbé òrùka náà lọ bá Olúkáyọ̀dé.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Olúkáyọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ará Ítálì kan, Signor Bruno, ní Torino. Bàbá náà gbà á láyè kí ó máa bá àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kéékèèké ní ọjọ́ Sátidé. Ìgbà kìíní nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn Yorùbá Torino yóò gbé dáyámọ́ńdì wá fún un.

"Àǹtí Fúnkẹ́, ṣé kò sí àléébù kankan lára òkúta yìí?"

"Àléébù wo? Dáyámọ́ńdì ni."

Ó wò ó pẹ̀lú awò kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó pẹ́. Dáyámọ́ńdì kì í bẹ̀rù iná kékeré. Ó gé òrùka náà, ó fún un pọ̀, ó sì tan iná sí i láti jó o pọ̀. Lójú rẹ̀ báyìí ni òkúta náà fi ṣú. Àwọn ìlà funfun tàn káàkiri inú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọláfúnkẹ́ pe Gbénró, Gbénró sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Torino. Ó bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù Signor Bruno. Ọláfúnkẹ́ na òrùka náà sí i.

"Ó ti pààrọ̀ rẹ̀! Wò ó, Gbénró! Ó ti yọ tiwa, ó fi ìgò síbẹ̀!"

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra," ni Olúkáyọ̀dé wí. Òógùn bò ó. "Òkúta tí ẹ gbé wá nìyí. Dáyámọ́ńdì gidi kì í ṣe báyìí lábẹ́ iná, àfi tí wọ́n bá ti fi nǹkan dí inú rẹ̀."

"Kí o jalè, kí o tún bú òrùka mi! Ohun tí ìyá ọkọ mi wúre sí kí wọ́n tó kú!"

Olúkáyọ̀dé yíjú sí Gbénró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé kankan bá a wá? Ìwé ẹ̀rí? Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa gbà mí."

Ìwé náà wà nínú àpótí aṣọ Gbénró ní Padova. Ó wo ojú Ọláfúnkẹ́. Ó rí i pé bí òun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéyàwó náà lè tú síbẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Kò sí ìwé."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí WhatsApp àwọn Yorùbá gbogbo agbègbè náà: Káyọ̀dé alágbẹ̀dẹ ń pààrọ̀ òkúta olókùúta. Àwọn tí ó ti fún un ní òrùka rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn fún àyẹ̀wò. Méjì nínú wọn lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà Signor Bruno. Bàbá náà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ náà kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Gbénró gbọ́. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n kíyè sí i pé ó ti ń jẹ́ kí ọjà àléébù kọjá, ọ̀gá rẹ̀ sì kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje, Ìbíwùmí ń di irun fún Ọláfúnkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Padova. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kù sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Gbénró jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ilẹ̀kùn ṣí, Olúkáyọ̀dé wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí irun gígé bò, níwájú Ìbíwùmí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ Àǹtí Fúnkẹ́."

"Ta nìyí?" ni Ìbíwùmí wí. "Ṣé olè yẹn nìyí?"

"Mi ò jí i, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti wá iṣẹ́ títí, gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti gbọ́. Permesso mi máa parí ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé iṣẹ́ wá. Tí ẹ bá ní kí n gbà pé mo jí i, kí ẹ lè bá mi bá Signor Bruno sọ̀rọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí, mo gbà. Mo jí i. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ ò rí i!" ni Ọláfúnkẹ́ wí láti orí àga. "Ó ti jẹ́wọ́!"

Gbénró dìde. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì padà dé pẹ̀lú ìwé kan tí ó ká sí mẹ́rin. Kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbé e fún. Ó gbé e sí orí itan Ọláfúnkẹ́.

Ọláfúnkẹ́ kà á. Ìbíwùmí dúró pẹ̀lú irun lọ́wọ́.

"Ìgbà wo lo rí èyí?" ni Ọláfúnkẹ́ bi Gbénró.

"Ọjọ́ tí òrùka náà dé."

"Kí Màmá tó kú?"

"Kí wọ́n tó kú."

"Létí odò yẹn, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Nígbà tí Káyọ̀dé bi ọ́ léèrè ní ojú mi ńkọ́, tó ń làágùn?"

Ìbíwùmí ni ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Fúnkẹ́ mi, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ dá a padà. Èmi náà ni mo fi èyí tó kọ́kọ́ yàn ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé kò sí ìwé." Ó yíjú sí Gbénró. "Ká ní o sọ fún mi, mo máa wọ òkúta sísán yẹn títí ayé. Màmá ti wúre sí i."

"Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ ni."

"Ẹnu mi lo lò, Gbénró. Èmi ni mo dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ tí mo pè é lólè. O sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, o ń gbọ́."

Olúkáyọ̀dé ti dìde. Ó ń gbọn irun kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè bóyá òun lè mú ìwé náà dání. Ọláfúnkẹ́ fi í fún un, ó so ìborùn mọ́ orí tí wọn kò tíì di tán, ó sì bá a jáde lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Torino, kí àwọn méjèèjì lè jọ rí Signor Bruno. Bàbá náà ka ìwé náà, ó sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹlòmíràn sí orí àga Olúkáyọ̀dé. Ọláfúnkẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun ni òun purọ́ mọ́ ọmọ náà láìmọ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti sanwó fún un kí ó lè kọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn ní Treviso ni Olúkáyọ̀dé padà rí iṣẹ́ sí, kò sì tún fọwọ́ kan wúrà mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, Ọláfúnkẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí Gbénró pé kí ó má wá sí Torino. Ìbíwùmí mú orúkọ àwọn tí wọ́n ti pè sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ jáde, ó sì jókòó láti pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kò sí i mọ́. Ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ti ìyá kan ní Asti.

"Kí ni kí n sọ pé ó fà á?" ni ó bi àbúrò rẹ̀. "Ṣé kí n sọ pé ọ̀fọ̀ ló dá a dúró?"

Gbénró na ọwọ́ gba fóònù náà. Ó dìde dúró, nítorí àgbà ni ẹni tí wọ́n pè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Gbénró ni. Kò sí ìgbéyàwó mọ́. Èmi ni mo parọ́, mo sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀."

Ìyá náà béèrè ohun púpọ̀, ó sì dá a lóhùn títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ó tẹ nọ́ńbà kejì. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni ó wà lórí ìwé náà, ìjókòó kò sì kan Gbénró títí tí ó fi pe gbogbo wọn tán.